Oògùn jẹjẹrẹ àti èémí ẹran ara eku: ṣé oògùn ló fà á, àbí èmi fúnra mi?

ỌmọṢómólú | Ọjọ́ Ẹtì, 9:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti àná, oorun ò kun ojú mi.

Másítà ni mò ń ṣe, lábù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ wà ní Mainland níbí. Eku funfun 12 ni mo ní. Gbogbo wọn ni a gbin kókó jẹjẹrẹ sí lábẹ́ awọ ẹ̀gbẹ́. Mẹ́fà gba abẹ́rẹ́ doxorubicin, oògùn jẹjẹrẹ, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mẹ́fà yòókù gba omi iyọ̀ lásán. Ní ọjọ́ kẹrin mo yọ kókó, mo yọ ẹ̀dọ̀, mo yọ ọkàn, mo bẹ́ wọn pẹlẹbẹ, mo kó wọn sínú ìgò, mo sì wọn bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń fa ọ́síjìn.

Èémí kókó wálẹ̀ nínú àwọn tó gba oògùn. Inú ọ̀gá mi dùn, ó ní kí n lọ kọ ọ́ pé oògùn náà ń fún jẹjẹrẹ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n èémí ẹ̀dọ̀ náà wálẹ̀. Ti ọkàn wálẹ̀ pẹ̀lú. Ó wá jọ pé ẹni tó fún olè lọ́rùn fún onílé náà lọ́rùn. Ẹ̀yin tó mọ̀ ọ́n, kí ni kí n kọ?

ÌyáÌbejì_Sùúrùlérè | 9:31 alẹ́

Ẹ má bínú sí mi, èmi kì í ṣe ọmọ lábù, aṣọ ni mò ń tà ní Tẹ̀júoṣó. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gba oògùn yẹn fún jẹjẹrẹ ọyàn ni mo ṣe dúró kà á. Ẹran tí ẹ ti yọ kúrò lára eku, báwo ló ṣe tún ń mí? Imú dà?

Àgbà_Lábù | 10:05 alẹ́

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ẹ̀gbọ́n yín o. Olúwa á bá wa wò wọ́n sàn.

Ọ̀nà lásán ni imú jẹ́. Inú sẹ́ẹ̀lì ni èémí ti ń ṣiṣẹ́ gan-an, níbi tí ọ́síjìn ti ń pàdé oúnjẹ tí a jẹ, tí agbára ti ń jáde. Bí wọ́n bá yọ ẹ̀dọ̀ eku tí wọ́n sì gbé e sórí yìnyín kíá, sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ ò tíì gbọ́ pé eku ti kú. Fún wákàtí mélòó kan, ó ṣì ń fa ọ́síjìn bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n nìyí. Ìgò kékeré kan wà tó ní kòtò kan láàárín inú rẹ̀. Omi tó ní iyọ̀ àti gúlúkóòsì la ó dà yí kòtò yẹn ká, inú omi náà la ó fi pẹlẹbẹ ẹran sí. Inú kòtò fúnra rẹ̀, bébà kékeré kan tí a ká, tí a ti rẹ sínú omi KOH, la ó tì bọ̀ ọ́. Gbogbo CO₂ tí ẹran bá mí síta, KOH á gbé e mì. A ó wá so ìgò mọ́ ọ̀pá gíláàsì tó tẹ̀ kọ́rọ́bọ́tọ́, a ó rì í sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní 37°C, ẹ̀rọ á máa mì í lọ mì í bọ̀. Bí ẹran ṣe ń fa ọ́síjìn, afẹ́fẹ́ inú ìgò ń dín kù, omi aláwọ̀ tó wà nínú ọ̀pá ń gùn. Wàá jókòó tì í, wàá máa kà á ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Nígbà tí mo wà lọ́mọ iṣẹ́, ojú mi a máa pọ́n bí ẹni tó gé àlùbọ́sà kó tó di ìrọ̀lẹ́.

Otto Warburg, ará Jámánì, ló sọ ọ̀nà yìí di ti gbogbo ayé. Ní àwọn ọdún 1920 ló fi wo kókó jẹjẹrẹ, ó rí ohun tó yà á lẹ́nu: kókó ń sọ ṣúgà di ásíìdì láktíìkì rẹpẹtẹ, bí ọ́síjìn tilẹ̀ kún ibẹ̀ bámúbámú. Iṣan wa náà máa ń ṣe é bí a bá sáré lé dáńfó, ṣùgbọ́n bí a bá ti jókòó ó ń lọ sílẹ̀. Ti kókó kì í lọ sílẹ̀. Ọ̀kánjúwà ṣúgà yìí náà ni ẹ̀rọ PET ń lò láti wá ibi tí jẹjẹrẹ fara pamọ́ sí lára èèyàn.

Ibi tí Warburg ti ṣì í ni pé ó ní èémí jẹjẹrẹ ti bàjẹ́, pé ìbàjẹ́ yẹn ló sì ń fa jẹjẹrẹ. Ọ̀pọ̀ kókó ló wà tí èémí wọn pé pérépéré. Wọ́n kàn ń jẹ ní ọwọ́ méjèèjì ni.

ỌmọṢómólú, tìẹ ń bọ̀. Jẹ́ kí n jẹun ná.

BọdéKẹ́mí | 10:14 alẹ́

Ìgò Warburg ní ayé yìí! Ẹ̀yin àgbà ẹ ò ní pa wá. Ẹ̀rọ Seahorse tó ń wọn èémí sẹ́ẹ̀lì ló wà lóde báyìí, wàá kàn kó sẹ́ẹ̀lì sínú àwo tó ní ihò 96, ẹ̀rọ á bá ẹ kà á, ìwọ á lọ jẹ ẹ̀wà àgànyìn.

ỌmọṢómólú | 10:17 alẹ́

@BọdéKẹ́mí bọ̀dá mi, ta ló fẹ́ sanwó rẹ̀? Àwo kan ṣoṣo, dọ́là ni wọ́n fi ń tà á. Ìgò tí mò ń lò, wọ́n jọ lo ọjọ́ orí pẹ̀lú bàbá mi ni, kò sì tíì fọ́.

Nọ́ọ̀sìMainland | 10:40 alẹ́

Mo fẹ́ bá Ìyá Ìbejì sọ̀rọ̀ kí ẹ̀rù má bàa bà wọ́n jù.

Àǹtí mi, oògùn pupa tó dà bí zobo yẹn ni. Ìtọ̀ ẹ̀gbọ́n yín lè pupa fún ọjọ́ kan sí méjì lẹ́yìn rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ o, àwọ̀ oògùn ló ń bá ìtọ̀ jáde. Lóòótọ́ ló lè ṣe ọkàn ní ìjàǹbá, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ẹ̀rọ wo ọkàn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Echo ni wọ́n ń pe àyẹ̀wò yẹn, kì í ṣe Èkó tí à ń gbé. Ìdí náà nìyẹn tí a fi ń ṣírò gbogbo èyí tí èèyàn ti gbà láti ọjọ́ tó ti dé ayé. Bó bá ti ń sún mọ́ 450 sí 550 mílígíráàmù fún mítà onígun mẹ́rin awọ ara kan, dókítà á dá a dúró tàbí kó yí i padà. Wọ́n tún ní dexrazoxane tó ń dáàbò bo ọkàn fún àwọn kan. Ẹ̀gbọ́n yín má fi ohun tí ẹ kà níbí dá oògùn dúró. Bí àtẹ̀gùn bá ti ń mú wọn mí hẹlẹhẹlẹ, tàbí ẹsẹ̀ wọn wú, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé wọn lọ.

ÌyáÌbejì_Sùúrùlérè | 10:52 alẹ́

Ẹ ṣé gan-an ni o, nọ́ọ̀sì. Wọ́n ti ṣe Echo yẹn. Ìtọ̀ pupa yẹn ló kó wa láyà jẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá, a ò mọ̀ pé àwọ̀ ni.

Alágbo_Mushin | 11:03 alẹ́

Oògùn òyìnbó tó ń pa ọkàn, ẹ sì ń yìn ín. Àgbo tèmi, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní yunifásítì gbé e sínú irú ìgò yẹn, ó ní èémí kókó wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ o! Kí ló kù tí ẹ fẹ́ gbọ́?

Àgbà_Lábù | 11:25 alẹ́

Alágbo, mi ò bá yín jà, ṣùgbọ́n bí mo bá fún omi pákí tútù sínú ìgò yẹn, èémí á wálẹ̀ ju ti àgbo yín lọ. Sáyánáìdì ló wà nínú rẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni àwọn ìyá wa fi ń rin pákí, tí wọ́n ń fi òkúta tẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, tí wọ́n sì ń yan án kó tó di gàrí. Ẹ́ńsáìmù (òṣìṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì) tó kẹ́yìn ní ọ̀nà èémí, èyí tó ń fi ẹlẹ́ńtírọ́ọ̀nù (ẹyọ iná tín-ín-tín tó ti ara oúnjẹ wá) lé ọ́síjìn lọ́wọ́, òun ni sáyánáìdì ń mú mọ́lẹ̀. Ẹ́ńsáìmù yẹn gan-an ni wọ́n fún Warburg ní ẹ̀bùn Nobel lé lórí ní 1931.

Ọ̀nà tó gbà mọ̀ ọ́n dùn mọ́ mi títí dòní. Kábọ́ọ̀nù mọ́nọ́ksáìdì, gáàsì jẹnẹrétọ̀ tó ń pa odidi ìdílé mọ́jú ní ìlú yìí, ó rí i pé ó máa ń dá èémí ìwúkàrà dúró. Bó bá wá tan iná sí i, èémí á padà! Bó bá pa iná, èémí á tún dúró. Ó fi oríṣiríṣi àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ dán an wò, ó fi mọ irú ohun tí ẹ́ńsáìmù náà jẹ́, láìfojú rí i. (Ẹ má lọ tan iná sí ẹni tí gáàsì jẹ́ń bá mú o. Ẹ̀jẹ̀ ni gáàsì yẹn kọ́kọ́ ń gbá mú lára èèyàn. Ẹ gbé e síta síbi atẹ́gùn, kí ẹ sáré gbé e lọ sọ́sípítù.)

Mi ò sọ pé ewé ò lè ṣiṣẹ́. Òdòdó kékeré olójú pupa rẹ́súrẹ́sú tí wọ́n ń gbìn síwájú ilé káàkiri Èkó, Catharanthus roseus, ara rẹ̀ ni vincristine ti wá, wọ́n sì ń fi í wo jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé. Ṣùgbọ́n “èémí kókó wálẹ̀” nìkan ò tó. Kí ni èémí ẹ̀dọ̀ ṣe nínú ìgò kejì? Ṣé ọmọ ẹ̀gbọ́n yín wò ó?

Alágbo_Mushin | 11:31 alẹ́

Màá bi í.

BọdéKẹ́mí | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:48 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀. Mo fẹ́ fi kún un pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ni èémí tó gòkè fi hàn pé ara dá. Ẹ wo jẹnẹrétọ̀ àdúgbò mi ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta: ó ń ké, ó ń mu epo, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò tíì yí iná ilé sí i. Epo ń jó, gílóòbù kankan ò tàn. Ohun tí kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ dinitrophenol máa ń ṣe fún sẹ́ẹ̀lì nìyẹn. Ọ́síjìn ń wọlé wìtìwìtì, ooru ń jáde, agbára ò sí. Ní Amẹ́ríkà láàárín 1933 sí 1938, wọ́n tà á fún àwọn tó fẹ́ fọn, ooru inú ara pa àwọn kan, àwọn mìíràn fọ́jú.

Doxorubicin náà ní irú ìwà bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Inú ọkàn, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀rá kan tó ń jẹ́ cardiolipin ní awọ inú màìtokọ́ńdíríà, ilé agbára sẹ́ẹ̀lì. Ó ń já ẹlẹ́ńtírọ́ọ̀nù gbà lọ́nà níbi ìpele kìíní ọ̀nà èémí, ó ń kó o fún ọ́síjìn ní kọ̀rọ̀, ìyẹn ló ń di superoxide tó ń jó nǹkan. Ọkàn ò sì ní ẹ́ńsáìmù catalase tó pọ̀ bíi ti ẹ̀dọ̀ láti pa iná náà, bẹ́ẹ̀ òun ni kì í sinmi: ti eku ń lù tó ìgbà 500 sí 600 ní ìṣẹ́jú kan. Nítorí náà, ỌmọṢómólú, èmi gba ti ọkàn rẹ gbọ́. Oògùn ló ṣe é. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Àgbà_Lábù | 9:20 àárọ̀

Bọ́dé, o yára. Ohun tí o sọ nípa ọkàn dájú, àwa náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n pé ọlọ́pàá mọ ẹnì kan sí olè ò ní kí ó jẹ́ òun ló jí ewúrẹ́ òní.

ỌmọṢómólú, ó yá, dáhùn.

Apá wo lára kókó lo ti gé? Ọ́síjìn kì í rìn jìnnà sí òpó ẹ̀jẹ̀, bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà sí ìdá méjì ni. Kókó tó bá ti tóbi, àárín rẹ̀ ti kú, ó ti rà bí ìbẹ́pẹ tó pọ́n jù. Bó o bá gé àárín nínú ẹyọ kan tó o sì gé etí nínú ìkejì, òkú ẹran lò ń wọ̀n, kì í ṣe oògùn. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi fẹ́ràn jẹjẹrẹ Ehrlich tó máa ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi ikùn eku: kò ní àárín, sírínjì lo máa fi fà á.

Pẹlẹbẹ rẹ ńkọ́? Bó bá ti nípọn ju ìdajì mílímítà lọ, àárín pẹlẹbẹ náà á máa fẹ́ ọ́síjìn kù nínú ìgò.

Kí lo fi pín iye ọ́síjìn tí ẹran fà? Ẹran tútù àbí ẹran tó gbẹ? Gàrí kọ́ọ̀bù kan tí o ti rẹ sómi, bó o bá gbé e sórí ìwọ̀n, wàá ní ó ti di méjì, bẹ́ẹ̀ gàrí kan náà ni. Oògùn lè mú kí ẹran wú fún omi. Sẹ́ẹ̀lì ò dín, èémí ò dín, ṣùgbọ́n ní orí bébà rẹ ó ti wálẹ̀. Warburg yàgò fún wàhálà yẹn, ẹran gbígbẹ ló fi ń pín in.

Ṣé àwọn tó gba oògùn ń jẹun? Eku tó gba doxorubicin kì í fẹ́ jẹun. Ẹ̀dọ̀ ẹni tí ebi ń pa ti ná gbogbo ṣúgà tó kó pamọ́ tán. Ó yẹ kí o wọn oúnjẹ tí wọ́n jẹ, kí o fún àwọn oní-omi-iyọ̀ ní ìwọ̀n kan náà lọ́jọ́ kejì.

Èyí tó wá dùn mí jù ni ọ̀wọ́ rẹ. Méjì péré. Kókó fúnra rẹ̀ a máa da ẹ̀dọ̀ ẹni tó gbé e láàmú láti òkèèrè: ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rí i pé catalase ẹ̀dọ̀ máa ń wálẹ̀ nínú eku tó ní kókó lára, bẹ́ẹ̀ jẹjẹrẹ ò sí nínú ẹ̀dọ̀ náà. Nítorí náà o nílò ọ̀wọ́ mẹ́rin: èyí tí kò ní kókó tí kò gba oògùn, èyí tí kò ní kókó tó gba oògùn, àti méjì tí o ti ní. Láìsí àwọn tí ara wọn dá, ta lo fẹ́ fi tìẹ wé?

Ìkẹyìn, aago mélòó lo ka ìgò èwo?

Nọ́ọ̀sìMainland | 9:41 àárọ̀

Bàbá yìí á mú èèyàn sunkún. Mo dúpẹ́ pé n ò ṣe másítà.

ỌmọṢómólú | 1:15 ọ̀sán

Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́. Etí kókó nìkan ni mo gé, àárín rẹ̀ ti rọ̀, ó ń rùn, mo kó o dànù. Ẹran gbígbẹ ni mo fi pín in, mo sá a sínú ààrò mọ́jú kí n tó wọ̀n ọ́n. Pẹlẹbẹ mo ṣe é bí mo ṣe lè ṣe é, bíléèdì fífá-irun ni mo lò. Oúnjẹ, òótọ́ ni pé mi ò wọ̀n ọ́n, mo kàn rí i pé nínú kéèjì àwọn tó gba oògùn, oúnjẹ ń kù sílẹ̀.

Ọ̀wọ́ mẹ́rin, mo bẹ ọ̀gá mi, wọ́n ní owó eku 24 ò sí. Èyí tí mo ní gan-an, owó àpò mi ló ra mẹ́ta níbẹ̀.

Ti aago, màá wo ìwé.

BọdéKẹ́mí | 1:30 ọ̀sán

Má ra 24. O ti ní 12. Ra 12 tí ara wọn dá, mẹ́fà pẹ̀lú oògùn, mẹ́fà láìsí. Bó tiẹ̀ jẹ́ mẹ́rin mẹ́rin.

Àgbà_Lábù | 1:52 ọ̀sán

Rárá o, Bọ́dé. Kò lè ṣe méjì lónìí kó ṣe méjì ní oṣù tó ń bọ̀ kó wá fi wọ́n wéra. Kó dín iye eku inú ọ̀wọ́ kù, kó ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, ọ̀kan láti inú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ kan náà. Kó má sì pa eku tí kò ní lò.

BọdéKẹ́mí | 1:58 ọ̀sán

Mo gbà. Ẹ jẹ́ ká dúró de ìwé aago rẹ̀.

ỌmọṢómólú | 6:37 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti lábù dé báyìí. Ẹ jókòó kí n tó sọ ọ́.

Mo yẹ ìwé mi wò. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe é, eku mẹ́rin lóòjọ́. Lọ́jọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn oní-omi-iyọ̀ ni mo kọ́kọ́ ṣe láàárọ̀, torí mi ò fẹ́ kí oògùn ta sí wọn lára. Àwọn tó gba oògùn, láti aago méjì ọ̀sán lọ. Gbogbo wọn.

Lábù wa, ọ̀sán ni wọ́n máa ń mú iná lọ. Bí a bá ti ta jẹ́ń, jẹ́ń náà ò lágbára tó láti gbé ohun tó ń mú omi gbóná, ọmọ iṣẹ́ kan ti yọ pílọ́ọ̀gì rẹ̀ kí fíríìjì má bàa kú. Ẹ̀rọ tó ń mi ìgò ń ṣiṣẹ́, iná pupa orí ẹ̀rọ ń tàn, mi ò fura rárá. Lónìí mo dúró dè é. Wọ́n mú iná ní aago méjì ku díẹ̀. Mo ki tẹmọ́mítà gíláàsì bọ inú omi, mo ń kà á bí mo ṣe ń ka ìgò. Ní aago mẹ́ta kọjá, 37 ló ṣì wà lójú ẹ̀rọ níbi tí mo yí i sí. 34 ló wà nínú omi.

Ṣùgbọ́n mo ní ìgò òfìfo níbẹ̀ o, èyí tí kò ní ẹran, mo sì fi yọ ìyàtọ̀ kúrò nínú gbogbo òǹkà. Ṣé ìyẹn ò gbà mí?

Àgbà_Lábù | 6:50 ìrọ̀lẹ́

Ìgò òfìfo ń tún ti afẹ́fẹ́ ṣe, pé bó bá tutù á súnkì. Kò lè tún ti ẹran tí òtútù mú ṣe. Iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù a máa wálẹ̀ sí bí ìdajì bí ooru bá fi 10°C dín. Pẹ̀lú 3, ìdá kan nínú márùn-ún èémí rẹ ti lọ, eku ì báà gba oògùn, ì báà gba omi iyọ̀.

Báwo ni ìwálẹ̀ tìẹ ṣe pọ̀ tó ní ẹ̀dọ̀?

ỌmọṢómólú | 6:58 ìrọ̀lẹ́

Bẹ́ẹ̀ náà ni, ọ̀gá mi. Diẹ̀ ló kù kó tó ìdá kan nínú márùn-ún. Kókó nìkan ló jù bẹ́ẹ̀ lọ, àti ọkàn.

BọdéKẹ́mí | 7:01 alẹ́

Mo sọ ti ọkàn!

Àgbà_Lábù | 7:04 alẹ́

O sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kó tún un ṣe.

ỌmọṢómólú | 7:20 alẹ́

Mo ti pe ọ̀gá mi. Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní kí n wá lọ́jọ́ Ajé. Ta ló mọ ibi tí mo ti lè rí ínfátà kékeré tó lè gbé ohun ìmúmigbóná 500 wáàtì yá, fún ọ̀sẹ̀ méjì péré?

ÌyáÌbejì_Sùúrùlérè | 7:33 alẹ́

Ọmọ mi, ọkọ mi ní ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù. Kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bátìrì rẹ̀, ìwọ fúnra rẹ lo máa wá gbé e o, ó wúwo.